Ìka Kò Dọ́gba, Ọwọ́ Kan Náà Ni

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan mú àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì wá bá mi. Ẹ̀gbọ́n, ọmọ ọdún 9, kò sọ̀rọ̀ rárá. Bí ariwo bá pọ̀, á fi ọwọ́ méjèèjì di etí. Àbúrò, ọmọ ọdún 6, ń sọ̀rọ̀ bí ayékòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn ju ti ọkọ̀ ojú irin lọ. Dókítà ní ọ́tísíìmù ni ó ń ṣe àwọn méjèèjì. Àwọn ará ilé ọkọ kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní bí ó bá jẹ́ ohun kan náà, kí ló dé tí ọ̀kan yadi tí èkejì ń sọ̀rọ̀? Wọ́n ní ọwọ́ ìyá ni ó ti wá, wọ́n sì fẹ́ mú ẹ̀gbọ́n lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de ènìyàn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi etí sílẹ̀. Àwọn kan ti di irú ẹ̀bi yìí ru ìyá rí nílẹ̀ òyìnbó. Ní ọdún 1977, Susan Folstein àti Michael Rutter ṣe ìwádìí lórí ìbejì orísì 21 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú orísì 11 tí wọ́n ti inú ẹyin kan ṣoṣo wá, 4 ni ó ti bá àwọn méjèèjì. Nínú orísì 10 tí ẹyin wọn yàtọ̀, kò sí ọ̀kankan tí ó ti bá àwọn méjèèjì. Nípa bẹ́ẹ̀ ni a fi mọ̀ pé ohun àjogúnbá wà níbẹ̀. Síbẹ̀, ìbejì inú ẹyin kan pàápàá lè ní i, kí ti ọ̀kan le ju ti èkejì lọ.

Bí ọmọ kan bá ní i nínú ilé, bí ọmọ kan nínú márùn-ún àwọn àbúrò rẹ̀ ni ó ń ní i. Nítorí náà, ẹ máa ṣọ́ àwọn kékeré. Bí ọmọ bá pé ọdún kan tí kò yíjú sí ẹni tó pe orúkọ rẹ̀, tàbí tí ọ̀rọ̀ tí ó ti ń sọ tẹ́lẹ̀ bá pòórá, ẹ tètè gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò pẹ̀lú. Abẹ́rẹ́ àjẹsára kọ́ ni ó ń fà á. Ẹ má ṣe tìtorí rẹ̀ sá fún abẹ́rẹ́.

Kò sí oògùn tí ń wò ó sàn, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ń ṣe ìrànlọ́wọ́ púpọ̀. Ẹ má fi ohun tó wọ ẹ̀gbọ́n dandan fún àbúrò. Àwòrán ni ẹ̀gbọ́n yìí lè fi máa bèèrè oúnjẹ. Àbúrò ní tirẹ̀, ẹ kọ́ ọ bí a ti ń dákẹ́ kí ẹlòmíràn sọ tirẹ̀. Ẹ má nà wọ́n, ẹ má sì dè wọ́n.

Mo ní kí ìyá náà rán ọkọ rẹ̀ sí mi. Ó dé ní ọjọ́ kẹta, ó jókòó, kò wo ojú mi. Ó ní òun náà pé ọdún mẹ́rin kí òun tó sọ̀rọ̀, àti pé títí di òní, bí wọ́n bá gbé àga òun kúrò ní ipò rẹ̀, ara òun kì í balẹ̀. N kò sọ pé ọ́tísíìmù ni. Dókítà ni ó lè sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dìde, ó ní, “Ẹ ṣeun, sà. Ẹnikẹ́ni kò ní fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de ọmọ mi.”