Ọ̀kọ̀ Lóru

Ẹ̀yin òbí, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí Odò Ògùn bá fà ní ìhà Ìsẹ́yìn, tí ọmọ yín bá mú fìtílà àti ọ̀kọ̀ lọ pa ẹja lóru, ẹ kọ́ ọ pé omi a máa tan ojú jẹ. Omi tí ó jìn ní ẹsẹ̀ bàtà 4 a máa dà bí 3 lójú ẹni tí ó wò ó láti òkè. Ìsàlẹ̀ ibi tí ẹja ti hàn ni kí ó gún. Ẹni tí kò mọ èyí yóò máa tàsé, ìbínú sì lè mú un da oògùn apakòkòrò sí odò. Ọ̀kọ̀ a pa ẹja kan. Májèlé a pa ìyá àti ọmọ, a sì ba omi jẹ́ fún ọmọnìkejì wa tí ń pọn ọ́n ní ìsàlẹ̀ odò. Ẹja kan tí a fi sùúrù pa sàn ju agbọ̀n ẹja olóró lọ.