Ilé Alágbẹ̀dẹ ní California

Ó pẹ́ tí a ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn olùkọ́ kan pé ọmọ tí kò bá mọ̀wé, iṣẹ́ ọwọ́ ni yóò fi jìyà. Ọ̀rọ̀ yìí kò dùn mọ́ wa nínú, a sì fẹ́ fi ilé kan tí ó wà ní Montecito, ní ìpínlẹ̀ California ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, dá irú àwọn olùkọ́ bẹ́ẹ̀ lóhùn.

Olówó ni George Fox Steedman tí ó kọ́ ilé náà. Onímọ̀ ẹ̀rọ ni, ìlú St. Louis ni ó sì ti rí owó rẹ̀. George Washington Smith ni ó ya àwòrán ilé náà fún un, ní irú èyí tí wọ́n ń kọ́ ní gúúsù ilẹ̀ Spéìn: ògiri funfun, òrùlé alámọ̀ pupa, àti àgbàlá olómi. Ní 1925, ọdún tí ilẹ̀ mì tìtì tí ó sì ba Santa Barbara nítòsí jẹ́, ni ilé náà parí. Casa del Herrero ni orúkọ tí ó sọ ọ́, èyí tí í ṣe Ilé Alágbẹ̀dẹ. Orúkọ náà kì í sì í ṣe ẹ̀fẹ̀, nítorí Steedman ní ilé iṣẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀, níbi tí ó ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ irin àti fàdákà.

Ẹni tí ó bá ti dúró lẹ́nu àgbẹ̀dẹ rí mọ̀ pé irin tí a fi owú lù kò lè rí bákan náà pẹ̀lú èyí tí a yọ́ dà. Ojú owú a máa hàn lára rẹ̀. Ibi kan a nípọn, ibi kan a sì tẹ́ẹ́rẹ́. Alágbẹ̀dẹ tí ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀.

Ní ti iṣẹ́ igi, ó ní ohun tí ó ń kọ wá lóminú. Láti Spéìn ni Steedman ti ra àwọn àjà àti ilẹ̀kùn àtijọ́ tí ó fi ṣe ilé náà lọ́ṣọ̀ọ́. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ibẹ̀ ti kọ́ ọgbọ́n lára àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n jọba níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, wọ́n sì mọ bí a ti ń to igi wẹ́wẹ́ kí wọ́n fi ara kọ́ra. Arthur Byne àti aya rẹ̀, Mildred Stapley, ni wọ́n bá a wá ọjà náà. Byne yìí kan náà ni ó ta ilé àwọn mọ́ńkì, tòkúta tòkúta, kúrò ní Spéìn fún William Randolph Hearst, oníwèé ìròyìn. Ohun tí ó bu ẹwà kún California, òfo ni ó fi sílẹ̀ níbi tí a ti ṣí i. Ó yẹ kí ó yé wa: ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ìkẹ́rẹ́ wà ní British Museum ní London láti 1924, àga ọba kan ni wọ́n sì fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀!

Steedman kú ní 1940. Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ kò ta ohun inú ilé náà fọ́nká, nígbà tí ó sì di 2009, ìjọba Amẹ́ríkà kà á mọ́ àwọn ibi mánigbàgbé orílẹ̀-èdè náà. Àwọn àlejò tí ń wá wò ó a máa dé ilé iṣẹ́ náà pẹ̀lú, níbi tí irin-iṣẹ́ olówó náà ṣì wà.