Ta Ló Da Gamalin Sódò? Ìgèrè Làwọn Bàbá Wa Fi Ń Pẹja

Bí wọ́n bá dárúkọ ẹja pípa, Ìlàjẹ àti Ẹ̀pẹ́ ni ọkàn yín máa ń lọ. Ta ni í ronú dé Ọ̀tan Ayégbajú, níbi tí òkè yí ìlú ká? Àmọ́ ibi tí òkè bá wà, odò kékeré kì í wọ́n níbẹ̀. Àwọn ará Ìnísà tilẹ̀ máa ń pìtàn pé Ọ̀tan ni Ọtìn ti wá, obìnrin ogun tó wá bá wọn jà kó tó di odò.

Nínú irú odò bẹ́ẹ̀, tí ọkọ̀ ò lè wọ̀, ni ìgèrè ti wúlò jù. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń hun ún, torí àwọ̀n ọ̀rá nìkan lọ̀pọ̀ ọmọ ìsinsìnyí mọ̀. Oparun tó gbó ni wọ́n ń gé. Èyí tó ṣì rọ̀ kì í pẹ́ jẹrà nínú omi. Wọn á là á wẹ́wẹ́, wọn á fi ọ̀bẹ fá a títí á fi tẹ́ẹ́rẹ́. Wọn á ká pankẹ́rẹ́ bí òrùka, ńlá níwájú, kékeré lẹ́yìn, wọn á wá to oparun yí i ká, wọn á fi okùn dì í lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnu rẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n wà. Ẹnu kejì wà nínú ti àkọ́kọ́, ṣóńṣó oparun rẹ̀ sì kọjú sínú. Ẹja á gbóòórùn ìjẹ, á forí tì í wọlé wẹ́rẹ́. Nígbà tó bá fẹ́ padà, ṣóńṣó á kò ó lójú. Ó parí!

Wọn á so ó mọ́ èèkàn kí omi má gbé e lọ. Tílẹ̀ bá mọ́, àrọ̀ àti èpìyà inú rẹ̀ ṣì ń jà pìtìpìtì. Èyí tó kéré ti gba àlàfo jáde, ó lọ dàgbà.

Àwọn kan ò ní sùúrù yẹn. Gamalin 20, oògùn kòkòrò oko kòkó, ni wọ́n ń gbé lọ sódò. Ẹja ńlá, ẹja wẹ́wẹ́, gbogbo wọn á léfòó. Ẹni tó dà á ò hun nǹkan kan, kò ṣọ́ nǹkan kan. Ìwà ìkà gbáà ni! Lindane ni májèlé inú rẹ̀. Ní 2009, àwọn orílẹ̀-èdè tó tọwọ́ bọ àdéhùn Stockholm fòfin de lílò rẹ̀ lóko. Òfin ẹja odò Nàìjíríà ti 1992 náà ò fàyè gba kí wọ́n fi májèlé pẹja.

Ẹ wá wo ibi tí omi ń ṣàn lọ. Ọtìn ń wọ Erinlẹ̀, Erinlẹ̀ ń wọ Ọ̀ṣun. Ní Ẹ̀kọ-Ẹ̀ndẹ ni wọ́n ti sé Ọtìn fún omi ẹ̀rọ àwọn ìlú agbègbè ibẹ̀. Ohun tí wọ́n bá dà sódò lókè, ta ni yóò mu ún nísàlẹ̀?

Èmi ò ní kẹ́ ẹ má ra ẹja o. Ẹ sáà bi apẹja léèrè ohun tó fi pa á. Ẹni tó bá sì ṣì ń hun ìgèrè ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, kó kọ lẹ́tà sí wa, kó sọ iye tó ń tà á, kó sì sọ bóyá àwọn ọmọ rẹ̀ gbà láti kọ́ ọ.