Ọmọ Ìkọ́ṣẹ́ Kì Í Ṣe Ìwọ̀fà

Nígbà tí ọmọ bá ti tó ọdún 13 tàbí 14, ìbéèrè kan a máa jẹ yọ láàárín àwọn òbí rẹ̀: iṣẹ́ wo ni ọmọ yìí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe? Láàárín ìran Yorùbá, a kì í fi ìbéèrè náà sílẹ̀ fún ọmọ nìkan. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í wò ó. Ọ̀kan nínú ọ̀nà tí igba ènìyàn ń gbà wo ọmọ ni iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi lé e lọ́wọ́.

Ní ayé àtijọ́, inú agbo ilé ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń kọ́ṣẹ́. Ọmọ alágbẹ̀dẹ a máa fín ẹwìrì fún baba rẹ̀ kí a tó gbé owú lé e lọ́wọ́. Ní Ìṣẹ́yìn, ọmọ ahunṣọ a máa ká òwú kí ó tó jókòó sídìí òfì. Ní Abẹ́òkúta, ọmọbìnrin aláró a máa bá ìyá rẹ̀ di aṣọ àdìrẹ kí a tó fi ìkòkò aró sí ìkáwọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ kékeré ni a fi ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ojú ni ọmọ kọ́kọ́ fi ń kọ́ṣẹ́ kí ọwọ́ tó tẹ̀lé e. Bí ó bá sì ba nǹkan jẹ́, ilé baba rẹ̀ ni ó bà á jẹ́ sí.

Nígbà tí ọkọ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ àti iná mànàmáná mú iṣẹ́ tuntun wọ ìlú, tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1955, ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó jáde ìwé mẹ́fà ni ó yàn láti kọ́ iṣẹ́ tí baba wọn kò mọ̀. Ó di dandan kí òbí mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá tí kì í ṣe ẹbí. Òbí kì í sì dá nìkan lọ; a mú àgbà kan dání gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Wọn a sọ iye ọdún tí ọmọ yóò lò, owó ìkọ́ṣẹ́, àti ẹni tí yóò máa bọ́ ọ. Wọn a kọ ọ́ sínú ìwé, tọ̀tún-tòsì a sì fọwọ́ sí i. Ní ọjọ́ òmìnira, ọ̀gá a súre fún ọmọ, a fún un ní ìwé ẹ̀rí, ẹbí a sì se àsè. Láti ọjọ́ náà ni ó ti lè dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀.

Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín èyí àti ìwọ̀fà. Baba tí ó jẹ gbèsè láyé ọjọ́un lè fi ọmọ rẹ̀ sọ́dọ̀ olówó. Iṣẹ́ tí ọmọ náà ń ṣe ni èlé orí owó, títí baba yóò fi san gbèsè tán. Àṣà náà ti kásẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n òjìji rẹ̀ ṣì ń rìn. Lóòótọ́, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ a máa gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, a sì máa jíṣẹ́ fún ọ̀gá. Ẹ̀kọ́ ìwà ni èyí. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ti lo ọdún 2 lọ́dọ̀ aránṣọ tí kò tíì di àlùmọ́gàjí mú, tí ó jẹ́ pé omi ọ̀gá ni ó ń pọn, ọmọ ọ̀gá ni ó ń pọ̀n, ìwọ̀fà ni, orúkọ yòówù kí a pè é.

Òfin Nàìjíríà pàápàá gbe àṣà rere yìí lẹ́yìn. Òfin iṣẹ́ ti ọdún 1974 gbà kí òbí fi ọmọ tí ó ti kọjá ọdún 12, tí kò tíì pé 16, sẹ́nu ìkọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n àdéhùn gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé, kò gbọdọ̀ ju ọdún 5 lọ, ọmọ fúnra rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Òfin ẹ̀kọ́ ti ọdún 2004 sì sọ ọdún 9 ní ilé-ìwé di dandan: 6 ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, 3 ní sẹ́kọ́ńdìrì kékeré. Nítorí náà, ọmọ ọdún 13 tí ó ṣì wà ní ilé-ìwé kò gbọdọ̀ ju ìwé nù nítorí iṣẹ́. Àkókò ìsinmi gígùn tó fún un láti máa yà sí ṣọ́ọ̀bù ẹbí, kí ó fi ojú kọ́ iṣẹ́. Bí ó bá ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà nílé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í, àmì rere ni.

Kí òbí tó fọwọ́ sí ìwé, kí ó wá àwọn tí ọ̀gá náà ti fún ní òmìnira kàn: níbo ni wọ́n wà, iṣẹ́ náà ni wọ́n ha ṣì ń ṣe bí? Ọ̀gá tí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ pọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò tíì gba òmìnira rí, kí a ṣọ́ra fún un. Lẹ́yìn èyí, kí òbí máa yọjú sí ṣọ́ọ̀bù láìròtẹ́lẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, kí ó tó béèrè iye tí ọmọ mú bọ̀, kí ó kọ́kọ́ béèrè ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe lónìí tí kò mọ̀ ọ́n ṣe lánàá.