Omi Tí Ń Jò Nídìí Pọ́ǹpù Mọ́tò

Ènìyàn púpọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ni ó ń fi mọ́tò jẹun. Ẹ dúró ní Lagere ní òwúrọ̀, ẹ ó rí wọn. Ẹ ó rí àwọn Micra tí ń kó èrò lọ sí Yunifásítì àti Mọ́dákẹ́kẹ́, àwọn bọ́ọ̀sì tí ń lọ sí Ìbàdàn, àti àwọn ọkọ̀ tí ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ bọ̀ láti oko. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kúrò níbi tí ó dúró sí, ẹ wo ilẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ ó rí omi níbẹ̀. Awakọ̀ náà mọ̀ pé ó ń jò. Ó ní kẹ́ẹ̀gì omi kan nínú bùùtù. Bí ó bá dé ibùdókọ̀, a bu omi sí i, a sì máa lọ. Bí ẹ bá bi í, á ní, "Kò burú, omi díẹ̀ ló ń jò."

Ọ̀rọ̀ "omi díẹ̀" yìí ni a fẹ́ sọ. Ohun tí ó ń mú kí omi náà jò lè má ju kílíìpù kan tí ó tú lọ. Owó kílíìpù kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n bí omi bá tán nínú ẹ́ńjìnnì lójú ọ̀nà, ẹ́ńjìnnì náà lè bàjẹ́ pátápátá, àtijẹ ẹlẹ́ńjìnnì á sì bá a lọ.

Kí ni omi ń ṣe nínú mọ́tò? Epo ń jó nínú ẹ́ńjìnnì. Iná ni. Bí ẹ bá da ìgò epo mẹ́ta sínú ọkọ̀, bí ìgò kan péré ni ó ń yí táyà. Ooru ìgò kejì ń bá èéfín jáde ní sàlẹ́ńsà. Ooru ìgò kẹta ń wọ ara irin ẹ́ńjìnnì lọ, omi ni ó sì ń gbé e kúrò níbẹ̀. Omi náà ń gba ihò inú irin kọjá, ó ń gbóná, ó ń lọ sínú rẹ́díétọ̀ níwájú ọkọ̀. Níbẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ ẹ, ó tutù díẹ̀, ó sì tún padà. Pọ́ǹpù ni ó ń tì í kiri, bí ọkàn ṣe ń ti ẹ̀jẹ̀ kiri nínú ara wa. Rọ́bà nípọn kan, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní hóòsì, ni ó so pọ́ǹpù mọ́ rẹ́díétọ̀. Níbi tí rọ́bà yìí ti bọ ẹnu irin pọ́ǹpù, kílíìpù ni ó dè é mọ́ra. Ibẹ̀ ni ó sábà máa ń jò.

Àwọn àgbà yóò rántí Volkswagen tí ó rí bí ìjàpá, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tò pọ̀ ní Èkó ní ọdún 1975. Ìyẹn kò ní rẹ́díétọ̀ rárá, afẹ́fẹ́ ni ó ń mú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tutù. Bí ẹ bá fi ìjàpá kọ́ ọkọ̀ wíwà, ẹ fiyè sí ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, torí mọ́tò òde òní kò lè ṣe é láìsí omi.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ gbọ́ èyí ná. Omi tí ó wà nínú ìkòkò lórí iná, bí ó bá gbóná dé ìwọ̀n 100, á hó. Ti inú rẹ́díétọ̀ lè dé bí 120 kí ó tó hó, nítorí pé ìdérí tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá wá ṣí ìdérí náà nígbà tí ó gbóná, omi náà á hó lẹ́ẹ̀kan náà, á sì fò jáde. Ó lè bó awọ ojú àti àyà ènìyàn, ó sì lè fọ́ ojú. Àkísà tí ẹ fi bo ọwọ́ kò ní kí ó má ṣe é. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kí ó tutù títí ẹ fi lè gbé ọwọ́ lé rọ́bà òkè láìjó yín. Òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí ọkọ̀ tó jáde, ni ó dára jù fún iṣẹ́ yìí.

Ìgbà tí ó bá tutù tán, ẹ wá ibi tí omi ti ń jáde gan-an. Ọ̀pọ̀ ń kùnà níbí. Ẹ fi àkísà nu pọ́ǹpù àti rọ́bà gbẹ. Ẹ tẹ́ páálí sábẹ́ ọkọ̀. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì máa wò ó, ṣùgbọ́n kí ọwọ́ àti aṣọ yín jìnnà sí bẹ́líìtì àti fáànù. Bí omi bá ń yọ lẹ́nu rọ́bà, lábẹ́ kílíìpù, a lè tún un ṣe. Nígbà mìíràn ẹ kò ní rí omi, ẹ ó kàn rí ìlà funfun tàbí aláwọ̀ ewé tí ó gbẹ síbẹ̀ bí iyọ̀. Jíjò náà ni.

Ṣùgbọ́n ihò kékeré kan wà lábẹ́ ikùn pọ́ǹpù. Ẹni tí ó ṣe pọ́ǹpù ni ó dá a síbẹ̀. Bí omi bá ń kán láti inú ihò yẹn, rọ́bà tí ó wà nínú pọ́ǹpù ti jẹ tán nìyẹn. Kò sí kílíìpù tí ó lè gbà á. Ẹ má dí ihò náà o. Pọ́ǹpù ni ẹ ó pààrọ̀. Bí ọkọ̀ bá sì ní éésì, omi mímọ́ gaara lè máa kán lábẹ́ rẹ̀ nígbà tí ẹ bá tan éésì náà. Ìyẹn kì í ṣe àrùn. Ẹ fọwọ́ tọ́ ọ wò: kò ní àwọ̀, kò yọ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a tún un ṣe. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ó tutù padà. Ẹ gbé bàsíà sábẹ́, kí omi lè dà sínú rẹ̀. Ẹ tú kílíìpù, ẹ fi ọwọ́ lọ́ rọ́bà náà sọ́tùn-ún sósì títí yóò fi yọ. Ẹ má fi súkúdíráífà yọ ọ́ tipátipá, torí ẹnu pọ́ǹpù ọkọ̀ mìíràn kò le, ó lè ha tàbí kí ó sán. Ẹ wo rọ́bà náà dáadáa. Ẹ fún un lọ́wọ́. Bí ó bá rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀, tàbí ó le gan bí igi, tàbí ó ti wú, tàbí ó ti sán káàkiri, ẹ ra tuntun. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ nìkan ni ó bàjẹ́, tí rọ́bà náà sì gùn tó, ẹ lè gé bí ìbú ìka kan kúrò.

Ẹ wo ẹnu irin pọ́ǹpù náà. Ìpẹtà máa ń wà níbẹ̀, ìpẹtà yìí gan-an sì ni omi máa ń gbà jáde. Ẹ fi sáńpépà ra á títí yóò fi dán. Ẹ fi omi díẹ̀ tọ́ inú rọ́bà kí ó lè wọlé. Ẹ má fi epo ẹ́ńjìnnì sí i, epo a máa ba rọ́bà jẹ́. Ẹ ó rí i pé ẹnu irin náà wú yíká bí ètè. Kí rọ́bà kọjá ètè yìí, kí kílíìpù sì jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Kílíìpù tí ó bá jókòó sórí ètè náà á tún yọ̀ padà. Bí ẹ bá ń ra kílíìpù, ẹ ka nọ́ńbà ara rẹ̀, irú bí 20-32, kí ẹ mú èyí tí ó bá rọ́bà yín mu. Ẹ dè é kí ó le, ṣùgbọ́n kí ó má gé rọ́bà.

Àwọn kan a máa fi wáyà so ó, tàbí kí wọ́n fi rọ́bà tíúbù táyà wé e. Ìyẹn lè gbé yín dé ilé. Kò yẹ kí ó gbé yín dé Ìbàdàn. Àwọn mìíràn a fọ́ ẹyin tàbí da ata gígún sínú rẹ́díétọ̀, kí ó lè dí ojú ibi tí ń jò. Kò lè di rọ́bà mú mọ́ ẹnu irin, ihò tóóró inú rẹ́díétọ̀ ni ó máa dí.

Ẹ wá da omi padà, díẹ̀díẹ̀. Ìdajì omi, ìdajì kúláǹtì ni ó sábà dára, ṣùgbọ́n ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ike kúláǹtì náà, torí òmíràn wà tí wọ́n ti po omi mọ́ tẹ́lẹ̀. Omi kànga lásán a máa fi èépá sílẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì bí ó ti ń fi í sínú kẹ́tùlù. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ ṣí ìdérí sílẹ̀ nígbà tí ó ṣì tutù, kí afẹ́fẹ́ tí ó há sínú lè jáde. Bí omi bá lọ sílẹ̀, ẹ fi kún un, kí ẹ sì dé e kí ó tó gbóná. Lára ike omi tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ́díétọ̀, wọ́n kọ MIN sísàlẹ̀ àti MAX sókè. Kí omi wà láàárín méjèèjì.

Èyí tí ó wà nínú bàsíà ńkọ́? Ẹ má fi í sílẹ̀ lágbàlá. Ọ̀pọ̀ kúláǹtì dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n májèlé ni. Ewúrẹ́ tàbí ajá tí ó bá lá a lè kú, ọmọdé pẹ̀lú. Ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ dé e pa, ẹ kọ MÁJÈLÉ sí i lára.

Bí ó bá wá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà ńkọ́? Níwájú awakọ̀, géèjì kan wà tí wọ́n kọ C àti H sí. C ni tútù, H ni gbígbóná. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ń sún mọ́ H, ẹ pa éésì, ẹ kúrò lójú títì pátápátá, ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ má sọ pé, "Ó ku díẹ̀ kí a dé Gbọ̀ngán." Géèjì náà tilẹ̀ lè tàn yín: bí omi bá tán pátápátá, ọwọ́ rẹ̀ lè padà sí C, torí pé kò sí omi tí yóò wọ̀n mọ́. Irin orí ẹ́ńjìnnì á tẹ̀, gáàsìkẹ́ẹ̀tì á jó, omi á dàpọ̀ mọ́ ọ́ìlì, ọ́ìlì náà á sì dà bí tíì tí a da mílíìkì sí. Ẹ má da omi tútù sí ẹ́ńjìnnì gbígbóná, irin lè sán.

Ẹ gbé C-caution sẹ́yìn ọkọ̀, kí èrò sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n dúró jìnnà sí títì. Ọkọ̀ tí ó bàjẹ́ tí kò kúrò lọ́nà ti pa ènìyàn lóru. Ní ọdún 1988 ni ìjọba àpapọ̀ dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó FRSC sílẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, tí ó ti jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, sì ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹni tí ó bá ń gba ọ̀nà Ifẹ̀ sí Ìbàdàn déédéé mọ ìdí tí irú àjọ bẹ́ẹ̀ fi yẹ.

Bí ẹ kò bá lè ṣe iṣẹ́ náà fúnra yín, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ṣùgbọ́n ẹ má kàn sọ pé omi ń jò. Ẹ sọ báyìí: "Ọ̀gá, ẹnu rọ́bà tó bọ pọ́ǹpù ló ń jò, kì í ṣe ihò abẹ́ pọ́ǹpù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo rọ́bà àti kílíìpù rẹ̀ ná." Bí ó bá ní pọ́ǹpù ni a ó pààrọ̀, ẹ ní kí ó fi ibi tí omi ti ń jáde hàn yín.

Rọ́bà tuntun a máa jókòó dáadáa lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, kílíìpù á sì tú díẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ní òwúrọ̀, ẹ tún un dè. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kọ báyìí, ẹ fi ìwé kékeré kan sínú ọkọ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ pààrọ̀ rọ́bà sínú rẹ̀, àti iye omi tí ẹ bá fi kún un láti ìgbà náà. Bí oṣù kan bá kọjá tí ẹ kò kọ omi kankan sílẹ̀, ẹ lè gbé kẹ́ẹ̀gì yẹn kúrò nínú bùùtù.