Bí A Ti Í Yan Ọpọlọ Kọ̀ǹpútà Nígbà tí Owó Kò Pọ̀

Ọ̀pọ̀ òbí ni ó ní ọmọ tí ń kọ́ iṣẹ́ ní Yábàá, ní Sùúrùlérè tàbí ní Mùṣin. Ọmọ a ránṣẹ́ sílé pé òun ń fẹ́ kọ̀ǹpútà tí òun yóò máa fi gé fíìmù, tí òun yóò máa fi ya àwòrán, tí òun yóò sì máa fi ṣe géèmù bí ọwọ́ bá dilẹ̀. Owó náà kì í ṣe kékeré. Bí a bá fi ra èyí tí kò lè ṣe iṣẹ́, ẹni tí ó tà á kì í sábà gbà á padà.

Ọpọlọ kọ̀ǹpútà ni ègé kékeré tí ń ṣe ìṣirò inú ẹ̀rọ náà. Ti ilé iṣẹ́ Intel àti AMD ni ó pọ̀ jù lórí àtẹ ní Computer Village, Ìkẹjà. Nínú ọpọlọ kọ̀ọ̀kan ni àwọn ẹ̀ka tí ń jùmọ̀ ṣiṣẹ́ wà, tí àwọn oníṣòwò ń pè ní core. Ẹ jẹ́ kí á fi wọ́n wé aránṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù kan: bí aṣọ ẹbí bá pọ̀ nílẹ̀, aránṣọ mẹ́rin yóò parí rẹ̀ ṣáájú méjì. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ fíìmù rí. Géèmù ní tirẹ̀ ń fẹ́ kí aránṣọ kọ̀ọ̀kan yára, kí ẹ̀yà tí ń gbé àwòrán jáde sì lágbára.

Orúkọ ni ó ń ṣi ènìyàn lọ́nà jù. Wọn a ní i7 ju i5 lọ, ọ̀rọ̀ sì parí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ wo i7-7500U tí ó jáde ní 2016 àti i5-8250U tí ó jáde ní 2017. Ẹ̀ka méjì péré ni i7 yẹn ní. Mẹ́rin ni i5 yìí ní. Nọ́ńbà tí ó tẹ̀lé ìlà kékeré àárín orúkọ náà ni ó ń sọ ìran tí ọpọlọ ti wá: 7 ni ìran keje, 8 ni ìran kẹjọ, 12400 sì jẹ́ ti ìran kejìlá. Ọ̀rọ̀ ìran yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Ní ọjọ́ 14 oṣù October 2025, ilé iṣẹ́ Microsoft dẹ́kun ìtọ́jú tí ó ń ṣe déédéé fún Windows 10. Windows 11 tí ó rọ́pò rẹ̀ kò sì fọwọ́ sí ọpọlọ Intel tí ó ṣáájú ìran kẹjọ, àyàfi ìwọ̀nba díẹ̀. Ìdí nìyí tí tòkunbọ̀ ìran kẹfà fi lè dẹ̀ lówó, tí yóò sì wọ́n lẹ́yìn ọ̀la.

Ó ku lẹ́tà ìparí orúkọ. Nínú kọ̀ǹpútà àgbéléwọ́, U kì í jẹ iná púpọ̀, ó sì dára fún ẹni tí ń gbé ibi tí iná ti ń ṣẹ́jú. H ní agbára jù fún fíìmù, ṣùgbọ́n ó ń jẹ iná, ó sì ń gbóná. Nínú ọpọlọ Intel ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì, F túmọ̀ sí pé kò ní ẹ̀yà àwòrán: bí a kò bá ra káàdì àwòrán mọ́ ọn, ojú ẹ̀rọ yóò ṣókùnkùn bí òru. Fún ẹni tí kò lówó káàdì, AMD Ryzen 5 5600G ti 2021 ni ó wù wá jù. Ó ní ẹ̀ka mẹ́fà, ẹ̀yà àwòrán inú rẹ̀ sì lè gbé géèmù tí kò wúwo. Kí á má ṣe ná gbogbo owó sórí ọpọlọ, kí ó lè ku èyí tí a ó fi ra mẹ́mọ́rì 16 GB.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ náà níṣojú yín. Ẹ ṣí Settings, ẹ tẹ System, kí ẹ sì tẹ About: orúkọ ọpọlọ wà níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, ẹ wo Performance; iye ẹ̀ka yóò hàn níwájú Cores. Kí ẹ fi èyí wé ohun tí oníṣòwò sọ, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.