Ẹsẹ̀ Oníjó àti Ojú Ẹ̀rọ Ayàwòrán

Láìpẹ́ yìí ni a pè mí láti wá wo sinimá tí wọ́n yà níbi ìsìnkú àgbà kan. Lọ́jọ́ ìsìnkú náà, àwọn oníbàtá jó bí ẹni pé iná ń bẹ lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Ṣùgbọ́n nínú sinimá, gèlè ni a rí, àti owó tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ iwájú orí, àti ìgò ọtí lórí tábìlì. Ọ̀gbẹ́ni tí ó di ẹ̀rọ mú ti gé àwọn oníjó kúrò ní orúnkún. Ijó bàtá tí kò ní ẹsẹ̀!

Agbẹ́gilére a fi ère sílẹ̀, akọ̀wé a fi ìwé sílẹ̀; ṣùgbọ́n bí ìlù bá ti dákẹ́, oníjó a nu òógùn, iṣẹ́ rẹ̀ a sì bá atẹ́gùn lọ. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi gbà pé iṣẹ́ ẹ̀rọ ayàwòrán ni láti bá wa tọ́jú ijó. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ààbọ̀ òtítọ́ ni. Ẹ̀rọ tí ó bá bọ́ sí ọwọ́ ẹni tí ó gbọ́ ijó, òun náà a di oníjó.

Ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọdún 1945. Obìnrin kan tí ń jẹ́ Maya Deren ya sinimá kan tí kò gùn tó ìṣẹ́jú márùn-ún, tí kò sì ní ohùn kankan. Oníjó kan ṣoṣo ni ó wà nínú rẹ̀, Talley Beatty, ọ̀kan nínú àwọn adúláwọ̀ ilẹ̀ náà. Inú igbó ni a ti kọ́kọ́ rí i. Ó gbé ẹsẹ̀ sókè láàrin igi. Nígbà tí ẹsẹ̀ náà yóò fi kanlẹ̀, inú yàrá ni ó bọ́ sí. Kò sí ọ̀nà láti igbó dé yàrá. Àlùmọ́gàjí Deren ni ó la ọ̀nà náà. Nígbẹ̀yìn ó fò sókè, ó sì pẹ́ lójú òfuurufú ju bí ọmọ ènìyàn ti lè pẹ́ lọ, nítorí pé Deren gé ìfò púpọ̀, ó sì so wọ́n di ọ̀kan. Kò sí ìtàgé kan láyé tí a ti lè jó ijó yẹn. Inú sinimá ni a bí i sí. Orúkọ àwọn méjèèjì, ayàwòrán àti oníjó, ni a sì kọ sí iwájú rẹ̀.

Bí ẹnìkan bá wí pé ọ̀nà jíjìn ni èyí, kí ó bá wa ká lọ sí etí òkun ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gàl, ní ìletò Toubab Dialaw. Níbẹ̀ ni Germaine Acogny àti ọkọ rẹ̀, Helmut Vogt, dá ilé-ẹ̀kọ́ ijó École des Sables sílẹ̀ ní ọdún 1998. Ilẹ̀ Dàhòmì, tí a ń pè ní Benin nísinsìnyí, ni a ti bí Acogny ní ọdún 1944. Abòrìṣà Yorùbá sì ni ìyá rẹ̀ àgbà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, oníjó 38 láti orílẹ̀-èdè 14 ní Áfíríkà péjọ sí ilé-ẹ̀kọ́ yìí láti kọ́ ijó tí Pina Bausch, ará Jámánì, ṣe ní ọdún 1975 sí orin Stravinsky. Lórí ìtàgé tí a da erùpẹ̀ sí ni wọ́n ti máa ń jó o: a yan ọmọbìnrin kan, a wọ aṣọ pupa fún un, ó sì jó títí ó fi kú. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n fi í han àwọn ará Dakar ni àrùn Kòrónà dé ní oṣù kẹta. Ìjọba fi òfin de àpéjọ. Oníkálukú di ẹrù rẹ̀.

Kí wọ́n tó túká, wọ́n jó o lẹ́ẹ̀kan sí i lórí iyanrìn etí òkun, bí oòrùn ti ń wọ̀. Florian Heinzen-Ziob àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gbé ẹ̀rọ wọn síbẹ̀. Iyanrìn rọ́pò erùpẹ̀, oòrùn tí ń lọ sílé rọ́pò iná tíátà, ẹ̀rọ náà sì rọ́pò ọgọ́rọ̀ọ̀rún òǹwòran. Ní oṣù keje ọdún náà, àwọn tí a sé mọ́ ilé káàkiri ayé rí i. Bí kò bá sí ẹ̀rọ, làálàá ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ì bá bá omi lọ; bí kò bá sì sí etí òkun, a kì bá tí rí ijó náà lójú tí a fi rí i níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ẹ̀rọ kiri òde, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ohun tí ẹ bá yà ni àwọn ọmọ wa yóò pè ní ijó baba wọn. Ohun tí ẹ bá gé kúrò, wọn kì yóò mọ̀ pé ó wà rí. Ẹ dúró sí ibi tí ẹ ó ti rí ẹsẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí ìlù ń wí kí ẹ tó fọwọ́ kan àlùmọ́gàjí. Ẹ béèrè orúkọ oníjó, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ó bá sì ṣeé ṣe, kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ sójú, ẹ bọ́ sí agbo, kí ẹ jó díẹ̀.